Bí A Ṣe Wọn Àánú Kúbúrà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi "kú oríire" yín pamọ́ ná. Láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò yẹn síta, èyí tí mo gbé báàjì kọ́rùn tí mo ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹ̀ ń kí mi, ẹ̀ ń ṣàdúrà fún mi. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn, mi ò tíì rò ó fún ẹnikẹ́ni àfi ọkọ mi, òun náà kò sì gbọ́ ọ tán. Lónìí ni mo fẹ́ rò ó. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bú mi lẹ́yìn rẹ̀, ẹ bú mi. Mo ti bú ara mi ṣáájú yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ní Houinmè, ní Àjàṣẹ́ níbí, lábẹ́ páànù iwájú ilé wa, ọmọ bíi mẹ́wàá ló máa ń jókòó tì mí. Tátà Síkírá ni gbogbo wọn ń pè mí. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan ti wá bá mi, ó ní Mádáàmù kan ń bọ̀ láti Cotonou, ẹni tó kàwé gan-an nípa ọkàn ọmọdé, pé ó ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé tó sì gbọ́ Nàgó, Yorùbá ti ọ̀dọ̀ wa níbí, dénú. Mo ní èmi rèé! Faransé mi ń dún ketekete, Nàgó sì ni wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún.

Kí ni iṣẹ́ náà? Wọ́n fẹ́ wọn àánú inú ọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo bi ara mi pé ṣé wọ́n máa gbé e sórí òṣùwọ̀n bí ẹran ni? Mádáàmù wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní "empathie" ni Faransé ń pè é, pé kí ọmọ mọ ohun tó ń dun ọmọnìkejì rẹ̀, kó sì dun òun náà. Ìbéèrè ogún ni. Abẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà márùn-ún ló wà. Ení ni "rárá rárá," àrún ni "bẹ́ẹ̀ ni, gan-an." Èmi ni màá fi Nàgó bi ọmọ, èmi ni màá fi bíírò yí nọ́ńbà po. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ti mọ bí àánú ọmọ náà ṣe tó nìyẹn.

Odindi ọjọ́ kan la fi jókòó lórí orúkọ tí a máa pe nǹkan yìí ní èdè wa. Mo ní "àánú." Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pè é ní Faransé, mo ní "pitié." Ó ní rárá o, pitié kọ́ lòun ń wá. Mo ní "ojú àánú." Ó ní ìyẹn náà kọ́. Nígbẹ̀yìn, a fẹnu kò sí "ìbánikẹ́dùn," mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè ìwé. Ọmọ àkọ́kọ́ tí mo pè wọlé, tí mo ní ìbéèrè nípa ìbánikẹ́dùn ni mo fẹ́ bi í, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Tátà, ta ló kú?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ibẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí n ti ronú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a gbé síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ti fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ta ló ń ronú? Mo ti gbé báàjì kọ́rùn.

Ilé-ìwé aládàáni kan ní Tokpota la ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ní Àjàṣẹ́ mọ sìnyáàlì, àbí? Ẹ̀yin ará Èkó àti Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ gbọ́: ó jẹ́ nǹkan tí wọ́n máa ń so kọ́ ọmọ lọ́rùn tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé-ìwé. Ọrùn ẹni tí wọ́n bá bá a nígbà tí wọ́n bá ń jáde, ẹni náà ló máa jẹ ẹgba. Ìgbà tí a wà lọ́mọdé, egungun màlúù ni. Ti ilé-ìwé yìí, pákó tí wọ́n kùn ní pupa ni. Mo rò pé wọ́n ti pa á tì níbi gbogbo, àṣé ó kù síbẹ̀!

Nítorí náà, kò sọ́mọ tó jẹ́ la ẹnu àyàfi pẹ̀lú Faransé, ìbáà ṣe Faransé arọ. Yàrá kékeré tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ọ́fíìsì nìkan ni Nàgó ti láṣẹ. Tí àwọn ọmọ bá ti wọlé síbẹ̀, tí mo bá ní kí wọ́n sọ èdè ilé, ẹ ó rí bí èjìká wọn ṣe máa ń rọ̀.

Ibẹ̀ ni Kúbúrà jókòó sí níwájú mi. Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ o, ìyá rẹ̀ ló ni ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní ìkángun àdúgbò wa. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà. Kíláàsì tó ń múra CEP, ìdánwò àṣejáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló wà, ìyá rẹ̀ kò sì fi ìdánwò yẹn ṣeré rárá. Gbogbo ẹni tó bá wá lọ ata ló ń sọ fún pé ọmọ òun máa gba ìwé ẹ̀rí lọ́dún yìí, pé òun ò fẹ́ kó parí ayé rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

Mo bi í pé, tí ọmọ mìíràn bá ń sunkún, ṣé òun náà máa ń fẹ́ sunkún. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé.

"Kí àwa méjèèjì wá máa sunkún? Ta ló máa wá bẹ ẹnì kejì pé kó dákẹ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni àbí rárá? Ó ní rárá. Mo yí ení po.

Mo bi í pé tó bá rí ọmọ tó dá jókòó, tí kò sẹ́ni tó bá a ṣeré, ṣé inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Ó ní òun máa ń pè é ni. Mo ní inú rẹ ni mo bèèrè. Ó ní, "Tí mo bá ti pè é, tó sì ti wá, kí ló tún máa bà mí nínú jẹ́?" Mo yí èjì po.

Mo bi í pé ṣé ó lè mọ ohun tó wà nínú ẹlòmíràn láìjẹ́ pé onítọ̀hún sọ ọ́. Ó ní háà, Ọlọ́run nìkan ló mọ inú. Ení!

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dáhùn títí a fi parí ogún. Àwọn ọmọ tó kù gbọ́n jù ú lọ. Wọ́n ti rí i pé ohun kan wà tí Mádáàmù fẹ́ gbọ́. "Gan-an, Tátà! Gan-an!" Ọmọ kan tiẹ̀ wà tó ń ní "gan-an" kí n tó bi í ní ìbéèrè tán. Mo fún un ní àrún. Ìgbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Kúbúrà ló gbé ìkẹyìn ní kíláàsì. Ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu díẹ̀. Mo kàn fi ìwé rẹ̀ sáàárín àwọn tó kù, mo pe ọmọ tó kàn.

Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, òjò rọ̀ láti ìdájí. Nígbà tí wọ́n lu aago ìsinmi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo ń jẹ búrẹ́dì. Àfi gbìì! Igbe tẹ̀lé e. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Faruku ti ré bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ ti ká sábẹ́ ara rẹ̀ bí ọwọ́ kì í ti í ká. Bàbá Faruku kì í ṣe ẹni kékeré níbẹ̀ o, òun ló bá wọn kọ́ kíláàsì tuntun méjì.

Kí làwọn ọmọ ṣe? Wọ́n túká! Gbogbo àwọn tó ń pariwo "gan-an, gan-an" fún mi, mo fi ojú mi rí wọn bí wọ́n ṣe ń sá. Ọmọdé mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá bá nídìí ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa bi. Kúbúrà nìkan ló sáré lọ bá a. Ó jókòó sínú omi ilẹ̀ ibẹ̀, ó gbé orí ọmọ náà lé itan, ó ń fi etí aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ nù ún lójú.

Ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́. Sìnyáàlì ń bẹ, kò lè sọ èdè wa. Ó ń sọ Faransé tó mọ̀. "Pardon! Pardon, Faruku! Pardon, pardon!"

Olùkọ́ kan sáré jáde. "Pardon" yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó fà á dìde lọ́wọ́ kan, ó ní àṣé ìwọ ni!

Wọ́n gbé Faruku lọ sílé ìwòsàn, olùkọ́ yẹn sì mú Kúbúrà lọ sí ọ́fíìsì dìrẹ́kítọ̀. Dìrẹ́kítọ̀ kò gbọ́ Nàgó. Ó ń bi ọmọ ní ìbéèrè, ẹ̀rù sì ti gba gbogbo Faransé lẹ́nu ọmọ. Ló bá ní kí wọ́n wá pe èmi ògbufọ̀. Ó ní kó sọ èdè tó bá wù ú lónìí, kí n máa túmọ̀.

Mo ní, "Kúbúrà, kí lo ń sọ fún Faruku?"

"Mo ní pẹ̀lẹ́ fún un ni."

Mo kọjú sí dìrẹ́kítọ̀. Mo sọ ọ́ ní Faransé tó dán gbinrin pé ó ní òun tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ó ní kí n bi í pé ṣé ó tì í. Ó ní rárá. Dìrẹ́kítọ̀ ní tí kò bá tì í, kí ló dé tó fi tọrọ ìdáríjì? Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ wá gbọ́ ìbéèrè tí èmi Síkírá, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́, fi ẹnu ara mi bi ọmọ. Mo ní, "Tí o kò bá tì í, kí ló dé tí o fi ní pẹ̀lẹ́?"

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Tátà, ṣé kò ṣubú ni?"

Mo túmọ̀ ìyẹn náà! Wàlláhì, mo túmọ̀ rẹ̀. Mo ní ó ń bèèrè pé ṣebí ọmọ náà ṣubú. Dìrẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní ẹ ò rí àfojúdi! Ó ní kí n kọ gbogbo ohun tí ọmọ sọ sílẹ̀. Mo kọ ọ́, mo sì fọwọ́ sí i. Mo tiẹ̀ wo bí ìwé náà ṣe mọ́ tónítóní, orí mi wú díẹ̀.

Wọ́n fóònù ìyá rẹ̀. Ó dé tòun ti ata lọ́wọ́, kò ráyè fọ̀ ọ́. Kò tíì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un tó ti kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í, ọmọdé ni. Ẹ bá mi bẹ bàbá Faruku. Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é."

Ìyá wo nínú wa ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ta ló ń wọ ibi tí wọ́n ti ń bínú tó máa kọ́kọ́ ní kí wọ́n ka ẹ̀sùn sóun létí? Ẹ̀bẹ̀ la fi ń pa iná ná, ká tó wá mọ ẹni tó dá a. Ṣùgbọ́n dìrẹ́kítọ̀ yíjú sí mi, ó ní ṣé mo rí i báyìí, ìyá fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Ó yẹ kí n la ẹnu. Mi ò là á. Ó lé Kúbúrà lọ sílé pé kó má padà wá títí òun yóò fi ránṣẹ́ pè é. Ìdánwò kù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mò ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń jáde, wọn ò mọ̀. Ìyá bi í pé, "Ṣé o tì í?" Ó ní rárá. Ìyá ní kí ló wá dé tí kò sọ fún wọn? Ó ní, "Mo sọ fún Tátà."

Ẹ gbọ́, mi ò tíì mọ ohun tí mo ṣe títí di àsìkò yẹn. Mo rò pé irọ́ ni ọmọ ń pa fún ìyá rẹ̀ pé òun ò tì í. Mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà ti ọ̀dọ̀ wa, mo ń lọ sílé. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Houinmè, mo fẹsẹ̀ kọ òkúta, bàtà mi já, ẹ̀jẹ̀ jáde lọ́mọ-ìka ẹsẹ̀ mi. Obìnrin kan tó ń ta epo bẹntiróòlù inú ìgò ní òdìkejì títì ló ké sí mi, "Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá!"

Mo fẹ́ dá a lóhùn ni mo bá dúró sójú kan. Obìnrin tó wà ní òdìkejì títì! Ṣé òun ló tì mí ni? Kí ló ń bẹ̀ mí fún?

Háà! Subuhanallahi! Pẹ̀lẹ́! Ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ láti ìgbà tí a ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ. A ń sọ ọ́ fún ẹni tó kọsẹ̀, fún ẹni tó sín, fún aboyún tó ń gun òkè. Nínú Faransé tí wọ́n fi ẹgba kọ́ wa, kò sí i. "Pardon" ni ọmọ náà rí tó sún mọ́ ọn, òun ló mú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣì í, ó ní àwíjàre. Èmi ńkọ́, tí wọ́n gbà síṣẹ́ nítorí pé mo gbọ́ èdè méjèèjì?

Mi ò lè jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sáré lọ bá Mádáàmù, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó mú ìwé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́ gan-an! Wọ́n lé ọmọ kúrò nílé-ìwé, ó dùn ún gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wá gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé tí "pẹ̀lẹ́" kò bá jẹ́ "pardon," wọ́n máa bi òun ní Cotonou pé àwọn ọ̀rọ̀ tó kù ńkọ́. Ó ní wọ́n lè da gbogbo iṣẹ́ wa nù. Ó ní bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ti fi orúkọ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àwọn ògbufọ̀ tí a bá lọ sí Pobè, Sakété àti Kétou. Ó ní ẹ jẹ́ ká má fi iṣẹ́ ìwádìí da ọ̀rọ̀ ìbáwí ilé-ìwé rú. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

Ó wá fa ìwé Kúbúrà yọ. Ó ní ẹ tún wò ó, òun ló gbé ìkẹyìn, ìwé yìí kò jọ ti ọmọ tó máa ń káàánú ènìyàn. Bíírò ta ló yí nọ́ńbà wọ̀nyẹn po? Ṣé tèmi kọ́?

Mo lè sọ fún yín pé wọ́n fipá pa mí lẹ́nu mọ́. Irọ́ ni. Mo fúnra mi dákẹ́ ni. Mo rò ó wò: Pobè, Sakété, Kétou, èmi Síkírá, ọ̀gá. Mo gbé báàjì mi kọ́rùn, mo pe ọmọ tó kàn.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi dákẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú ẹ̀rọ ìlọta kọjá, tí mò ń rí Kúbúrà tó ń da ata sẹ́nu ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kí mi. Ọjọ́ kejì, ó kí mi. Ọjọ́ kẹta, ó tẹ orí sí ata rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́kàn mi pé kò kí mi. Ẹ ò rí irú èèyàn tí mo jẹ́!

Ní ọjọ́ kẹjọ ni Faruku padà sílé-ìwé tòun ti ọwọ́ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì dì. Kò tíì dáhùn ìbéèrè tirẹ̀, wọ́n mú un wá bá mi. Mo débi pé "tí ẹnì kan bá fara pa, ṣé o máa ń fẹ́ ràn án lọ́wọ́?" Ó ní, "Tátà, Kúbúrà dà? Òun ló gbé orí mi lé itan." Mo bi í pé ta ló tì í. Ó ní kò sẹ́ni tó ti òun, omi ló yọ òun. Ó ní òun sọ fún wọn nílé ìwòsàn, bàbá òun ní kí òun sinmi, kí òun má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Mo dìde, mo mú un lọ́wọ́ kejì, ó di ọ́fíìsì dìrẹ́kítọ̀. Mo ní kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Mo wá sọ tèmi, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ìgboyà tí mo ní, ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti yá a.

Dìrẹ́kítọ̀ yẹ ìwé tí mo fọwọ́ sí wò, ó fi sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní ó dáa, kí ọmọ padà wá ní ọjọ́ ajé. Ó tán! Mo ní ṣé a ò ní sọ fún kíláàsì rẹ̀ pé kò ṣe nǹkan kan? Ó ní kí ló dé tí mo fẹ́ máa ru ohun tó ti fìdí mọ́lẹ̀ sókè. Mo ní ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ó ní èmi ni mo gbọ́ èdè wọn, kí n lọ sọ fún un.

Mo lọ. Ìyá Kúbúrà pa ẹ̀rọ kí ó lè gbọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ sórí ìyẹ̀fun àgbàdo tó wà nílẹ̀ ibẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un bí mo ṣe jẹ́wọ́ fún yín yìí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Ó ní, "Síkírá, èèyàn mẹ́rin ló wà nínú yàrá yẹn tó dàgbà. Dìrẹ́kítọ̀ kò gbọ́ èdè wa. Olùkọ́ yẹn kò gbọ́ ọ. Èmi ò gbọ́ tiwọn. Ìwọ nìkan lo gbọ́ méjèèjì. Ọwọ́ rẹ la wà."

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mà. Ó ní kí n dìde, aṣọ mi ń bàjẹ́. Ó ní ọmọ òun máa padà ní ọjọ́ ajé nítorí ìdánwò. "Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má bá a sọ Nàgó mọ́." Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mádáàmù máa ń wọn àwọn ọmọ. Láàárín méjèèjì, àwọn olùkọ́ á kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa inú rere, Mádáàmù á sì wò ó bóyá ó ti wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí Kúbúrà padà, wọ́n tún mú un wá sí yàrá mi. Ó ní "bonjour." Ó jókòó, ó ká ọwọ́ sórí itan.

Mo fi Nàgó bi í, ìwé ló ní kí n fi bi í. Ó fi Faransé dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, gan-an. Ìkejì, gan-an. Tí ọmọ mìíràn bá ń sunkún, ṣé ìwọ náà máa ń fẹ́ sunkún? Gan-an. Ògiri ló ń wò. Mo ní Kúbúrà, wò mí lójú, sọ bó ṣe rí lọ́kàn rẹ. Ó ní gan-an, Tátà. Ogún nínú ogún. Àrún, àrún, àrún.

Ẹ wá wo ayọ̀ Mádáàmù! Ó ní ẹ ò rí bí ẹ̀kọ́ inú rere ṣe ṣiṣẹ́, ọmọ tó gbé ìkẹyìn ti di ẹni àkọ́kọ́! Ó ní ọmọ yìí ni òun máa fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé òun. Àṣìtúmọ̀ tèmi ńkọ́? Ó ní ìyẹn ò tó nǹkan, ìwádìí wo ni kì í ní àṣìṣe kékeré? Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ya fọ́tò tẹ́ ẹ rí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà, wọ́n lu aago, àwọn ọmọ ń jáde. Ọmọbìnrin kékeré kan láti kíláàsì àkọ́kọ́ sáré, ó ṣubú sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, orúnkún rẹ̀ bó. Kúbúrà ló sún mọ́ ọn jù, kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Èmi wà lókèèrè, mò ń wò.

Kúbúrà fi ẹ̀yìn rìn. Ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ kejì. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè rí i pé kò kan án. Ọmọ kékeré yẹn ń ké, ó nawọ́ sí i pé kó gbé òun. Kúbúrà ò wò ó. Ojú olùkọ́ ló ń wá kiri, ẹni tó máa jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀. Mo sáré dé ibẹ̀, mo gbé ọmọ náà nílẹ̀. Ọwọ́ Kúbúrà ṣì wà lókè.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Inú ń bí mi débi pé mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ni. Nǹkan kan wà nínú ọmọ yẹn tí ìyá rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlá gbìn. A gbé ìwé wá láti wọ̀n ọ́n, a ò rí i, a bà á jẹ́, a wá fún un ní máàkì ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bá pè láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọdé, nílé-ìwé ni o, nílé ìwòsàn ni o, ní kọ́míṣáríà àwọn ọlọ́pàá ni o, ẹ má wo bí Faransé yín ṣe ń dún. Ẹ bi ara yín pé kí ni ọmọ yìí ń wí. Tí ẹ bá sì ṣì í, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ó dájú pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Bóyá ọmọ yín ṣe oore, wọ́n fi oore náà mú un. Bóyá ẹ̀yin gan-an ni ọmọ náà nígbà kan. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, ẹ má fi ìtìjú bò ó, èmi ò ṣáà fi tèmi bò. Èyí tí mo fẹ́ gbọ́ jù lẹ́nu ẹ̀yin abiyamọ nìyí: ọmọ tó ti kọ́ láti gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè báyẹn, kí lẹ ṣe tó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀?